Ǹjẹ́ Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ó Ti Pẹ́ Nílẹ̀ Ṣe É Gbẹ́kẹ̀ Lé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sì ni mò ń ṣe. Bàbá ìyàwó mi, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jagun ní Kòríà, ti jáde láyé, ó sì fi ìbọn ìléwọ́ Colt M1911 kan sílẹ̀ fún wa. Inú àpò awọ rẹ̀ ni ó wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní irin kì í gbó, pé kí n máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Èkejì ní kí n tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ Glock tuntun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? — Ẹ̀ṣọ́, Houston.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yìn bàbá yín á dára. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Àwọn irin ńlá ara ìbọn lè pẹ́ ju ẹni tí ó ni ín lọ. Àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ni ó sì ń pinnu bóyá ìbọn yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Irú ìbọn tí bàbá yín fi sílẹ̀ ti gba orúkọ rere láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi ìbọn Colt tí John Browning ṣe wé ti ilé iṣẹ́ Savage, wọ́n sì yin ọta 6,000 nínú ìdánwò náà. Bí wọ́n bá ti yin 100, wọn a jẹ́ kí ó tutù díẹ̀. Bí ó bá di 1,000, wọn a nù ún, wọn a sì fi epo sí i. Ti Savage kọṣẹ́ ní ìgbà 37, ti Colt kò kọṣẹ́ rárá, wọ́n sì gbà á wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ìtàn yìí dùn-ún sọ fún àwọn tí ó fẹ́ràn ìbọn yẹn, ṣùgbọ́n wọn a máa fo ọ̀rọ̀ epo àti ìnùnù náà, wọn kì í sì í rántí pé ìbọn tuntun tí sípíríǹgì rẹ̀ ṣì le ni wọ́n dán wò.

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìjọba Amẹ́ríkà kò ra irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun mọ́, síbẹ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí Kòríà àti Vietnam, títí ìbọn ìléwọ́ Beretta M9 fi gba ipò rẹ̀ ní 1985. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn inú iṣẹ́ ológun ni ó mú kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń tú u, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń pààrọ̀ ohun tí ó bá ti jẹ nínú rẹ̀.

Sípíríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí ń dá irin òkè (irin tí ń lọ tí ń bọ̀ lórí ìbọn) padà sípò lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde máa ń rọ̀ bí a ṣe ń yin ìbọn, bí ó bá sì ti rọ̀ jù, irin òkè yóò máa gbá ara ìbọn pẹ̀lú agbára tí kò yẹ. Mágásíìnì tí a ń kó ọta sí tún burú ju ìyẹn lọ: bí ètè rẹ̀ bá ti tẹ̀, tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ kò bá lè ti ọta sókè kíákíá mọ́, ọta yóò há, bí ìbọn fúnra rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ti ìpẹtà ni ó bà mí lẹ́rù jù lórí ìbọn tiyín. Ọ̀pọ̀ ọta tí àwọn ọmọ ogun ń lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ń fi irú iyọ̀ kan sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, iyọ̀ yẹn a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí yóò fi jẹ irin náà láti inú bí a kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Awọ pẹ̀lú ń gba ọ̀rinrin sára, àwọn èròjà tí a fi ṣe é sì lè jẹ irin. Ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ sí bí Houston kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ fún ọdún gbọọrọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀.

Ní ti Glock, ohun tí ọ̀rẹ́ yín kejì sọ bọ́gbọ́n mu. Iṣẹ́ ológun Austria gba Glock 17 wọlé ní 1982. Ike líle ni ara rẹ̀, ike kì í sì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n òun náà ní sípíríǹgì tí a ó máa pààrọ̀. Jíjẹ́ tuntun nìkan kò sì tó. Láàárín ọdún díẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo Beretta, irin òkè àwọn kan já sí méjì bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ó sì ṣe àwọn ọmọ ogun ojú omi kan léṣe. Ilé iṣẹ́ náà ní láti fẹ orí píìnì kan, kí irin òkè má bàa lè fò sẹ́yìn lu ẹni tí ń yìnbọn bí ó bá tilẹ̀ já.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tà á, kí ẹ má sì gbé e lọ síbi iṣẹ́. Àwọn M1911 ti ìgbà náà, ọta olórí róbótó ni a ṣe wọ́n fún. Ọta tí orí rẹ̀ ní ihò, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń gbé lónìí, a máa há nínú wọn. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ ìbọn tí ó mọ irú rẹ̀, kí ó yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò, kí ó sì fi sípíríǹgì tuntun sí i, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú èyí tí ó bá yọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó kùn ún ní àwọ̀ tuntun, nítorí iye owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ lójú àwọn tí ń kó irú rẹ̀ jọ. Ẹ ra òmíràn fún iṣẹ́, irú èyí tí àwọn agbanisíṣẹ́ yín bá fọwọ́ sí, kí ẹ sì fi ọta tí ẹ ó máa gbé gan-an dán an wò, pẹ̀lú gbogbo mágásíìnì tí ẹ ó lò, kí ẹ tó so ó mọ́ ìbàdí.