Kí ẹ tó gbé rédíò gun òrùlé yunifásítì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọn aláṣẹ yunifásítì yín ti fọwọ́ sí owó ibùdó rédíò kan tí yóò máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí fáíbà (wáyà onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà) kò tíì dé, pé ilé tó ga jù nínú ọgbà lẹ ti fojú sí, ìbéèrè yín sì ni pé rédíò wo ló dára jù láti rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rédíò rírà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Rédíò tó dára pọ̀ lọ́jà. Òrùlé tó dára ni kò pọ̀, òun ló sì máa pinnu bóyá àwọn èèyàn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tàbí wọn yóò máa pè yín lóru.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé gogoro yẹn. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí áńtẹ́nà bá ṣe ga tó ni yóò ṣe ríran tó. Òótọ́ ni fún ilé tó jìnnà. Ṣùgbọ́n áńtẹ́nà sẹ́kítọ̀ tí ẹ máa lò, tó fẹ̀ ní dígírì 90 tàbí 120 sí ọ̀tún àti òsì, kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 8 lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá wà ní mítà 40 sókè, tí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ sì wà ní 100 mítà péré sí ẹsẹ̀ ilé náà, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ orí rẹ̀ ba ní nǹkan bíi dígírì 22 kó tó kọjú sí wọn. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó sún mọ́ ibùdó jù ni yóò máa ráhùn jù, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ bí ẹ bá ṣàlàyé, nítorí wọ́n ń wo áńtẹ́nà náà láti ojú fèrèsé wọn. Lórí ilé tó ga ní mítà 20, tí ilé ìgbé náà sì wà ní 300 mítà, kò tó dígírì 4 tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ilé tó ga jù yẹn, àwọn mìíràn ti fojú sí i ṣáájú yín: àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, rédíò àwọn ẹ̀ṣọ́, àti ilé iṣẹ́ rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgbà yín bá ní. Rédíò yín yóò máa gbé láàárín ariwo wọn tọ̀sán-tòru. Bí ó sì ti ga tó, yóò tún máa gbọ́ Wi-Fi ilé onílé láti ìta ọgbà wá. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a gbé gbogbo ẹrù kúrò lórí ilé gogoro lọ sórí ilé alájà mẹ́rin kan ní àárín ọgbà, rédíò kan náà, áńtẹ́nà kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára sí i kíákíá. Láti ìgbà náà ni mo ti fara mọ́ òrùlé méjì tó mọ níwọ̀n ju ẹyọ kan tó ga fíofío lọ.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo òrùlé tó ṣeé gùn, kí ẹ mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ lọ́wọ́. Kí ojú yín tó ilé kejì kò tíì tó o. Ìgbì rédíò kì í rìn bí okùn tín-ín-rín. Ó máa ń wú láàárín ọ̀nà. Fún ibi tó jìnnà ní kìlómítà 1, lórí ìgbì 5.8 GHz tí irú rédíò yìí ń lò, ó máa ń wú tó mítà 3.6 láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, a sì fẹ́ kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.2, wà ní òfìfo. Orí igi tó wà ní mítà kan péré sísàlẹ̀ ibi tí ojú yín gbà kọjá ti wà nínú ọ̀nà nìyẹn. Ewé tútù, omi ló kún inú rẹ̀, ewé tí òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tún burú jù bẹ́ẹ̀. Mo ti bá ọ̀nà kan pàdé tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà tí igi ti wọ́wé tán, tó ń ṣiṣẹ́ gidi gan-an, tí ó sì ń kú díẹ̀díẹ̀ bí ewé ṣe ń padà yọ. Rédíò ni wọ́n ń pààrọ̀ kiri. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú igi ọgbà léèrè bí igi tó wà lọ́nà yín ṣe máa ga sí i tó, kí ẹ sì má ṣe gbà pé ẹnikẹ́ni yóò jẹ́ kí ẹ gé e.

Ẹ tún lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣètò ilé kíkọ́ nínú yunifásítì, kí ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ọjọ́ iwájú ọgbà hàn yín. Ibi òfìfo tí ẹ ń yọ̀ mọ́ lónìí lè jẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ alájà mẹ́fà sí. Ọ́fíìsì yìí kì í sí lọ́kàn àwọn ẹlẹ́rọ nẹ́tíwọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wákàtí kan níbẹ̀ lè gba gbogbo iṣẹ́ yín là.

Nípa agbára rédíò, ẹ má dààmú púpọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: lórí 5.8 GHz, kìlómítà 1 tó ṣófo máa ń jẹ nǹkan bíi 108 dB (dB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí agbára ìgbì ṣe dín tàbí ṣe pọ̀ sí i). Bí ibùdó yín bá ń tú 36 dBm (ìyẹn wáàtì 4) jáde, tí áńtẹ́nà tó wà lórí ilé kejì sì jẹ́ 16 dBi (òṣùwọ̀n bí áńtẹ́nà ṣe ń kó ìgbì jọ tó), ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn yóò wà ní nǹkan bíi -56 dBm, ìyẹn sì lágbára dáadáa. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, 6 dB péré ló máa dín. Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, igi, ariwo àti èrò tó pọ̀ lórí sẹ́kítọ̀ kan ló ń bá wa jà, jíjìn kọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò kan fóònù tó wà nínú yàrá. Ògiri nípọn, fóònù kò sì lágbára tó láti dáhùn padà láti ibẹ̀. Rédíò kékeré ni kí ẹ gbé sórí òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ibùdó, kí wáyà wá gbé e wọlé lọ fún àwọn Wi-Fi inú ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni òrùlé wá kù. Nínú yunifásítì, òrùlé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ tirẹ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ilé tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́mísírì tàbí ìwádìí kòkòrò àìsàn. Àwọn fáànù tó wà lórí ilé bẹ́ẹ̀, èéfín inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ń tú jáde. Èéfín náà lè pa èèyàn lára, ó sì ń jẹ irin. Mo ti gun irú òrùlé bẹ́ẹ̀ rí tó ríran dé gbogbo ibi tí a fẹ́, ọ̀gá yàrá ìwádìí ibẹ̀ sì ṣàlàyé fún mi pé wọ́n gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n sì pa fáànù kí ẹnikẹ́ni tó lè gòkè wá. Ẹ fojú inú wò ó pé rédíò bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí tí kò ṣeé dá dúró. Òrùlé tí kò ríran tó o ni a mú dípò rẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onífísíìsì pẹ̀lú, nítorí àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì tí kò lágbára rárá, tí rédíò yín lè dí lọ́wọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìdánwò, torí ariwo ìlu ògiri kò gbọ́dọ̀ wáyé nígbà náà.

Bí òrùlé náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ òpó tí a kì í lu ihò fún, tí búlọ́ọ̀kù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹnjiníà ilé kọ́kọ́ sọ pé òrùlé lè gbé ẹrù yẹn, kí ó sì ṣírò atẹ́gùn, nítorí bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti áńtẹ́nà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ya fọ́tò gbogbo òrùlé náà kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Bí òjò bá jò lẹ́yìn iṣẹ́ yín, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ́kọ́ pè.

Rédíò àti áńtẹ́nà ni kí ẹ jọ gbé sókè pọ̀. Lórí 5.8 GHz, mítà 30 wáyà rédíò oníke dúdú, kódà èyí tó nípọn tó ìka ọwọ́, lè jẹ 10 dB, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára yín ti sọnù kó tó dé áńtẹ́nà. Wáyà Ethernet tó ń gbé dátà àti iná gòkè kò gbọ́dọ̀ ju 100 mítà lọ, kí ó jẹ́ ti ìta tí oòrùn kò lè bu jẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí fáíbà gbé dátà gòkè, kí iná nìkan gba ojú wáyà, nítorí fáíbà kì í gbé àrá wọlé. Ní ti àrá, ẹ má fi ṣeré rárá. Ẹ fi irin tó ń gba àrá sí òkè ju áńtẹ́nà lọ, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń dá iná àrá dúró sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ wáyà. Kí ẹ so òpó yín mọ́ earthing (irin àti wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀) ilé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ri irin earthing tirẹ̀ sọ́tọ̀ láì so ó pọ̀ mọ́ ti ilé, nígbà tí àrá bá sán, iná yóò wá ọ̀nà láàárín méjèèjì, ó sì lè jẹ́ ara rédíò ni yóò gbà.

Ẹ ṣírò iná láìtan ara yín. Sẹ́kítọ̀ 3 ní wáàtì 25, pẹ̀lú switch (àpótí tó ń so wáyà dátà pọ̀) àti rédíò tó so ibùdó mọ́ ilé kọ̀ǹpútà, yóò tó wáàtì 100. Wákàtí 12 láìsí iná ń fẹ́ 1,200 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Bátìrì olójé (lead-acid) kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà 2,400 Wh ni kí ẹ rà, ìyẹn bátìrì 48 V tó jẹ́ 50 Ah. Kí ibi tí ẹ ti ń mú iná jẹ́ tiyín nìkan, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Níbì kan, alẹ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni ibùdó máa ń kú, tí a ń wo sọ́fítíwia títí ó fi sú wa, kí a tó rí i pé ojú iná kan náà ni ẹni tó ń fọ ilé ń fi ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ rẹ̀ sí.

Ìbéèrè yín gan-an wá dé wàyí. Ní 1971, ní Yunifásítì Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láàárín àwọn erékùṣù ibẹ̀, wọ́n pè é ní ALOHAnet. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ a sọ ọ́ jáde; bí ti ẹni méjì bá kọlura, oníkálukú a dúró díẹ̀ kó tó tún un sọ. Ìṣirò fi hàn pé bí èrò bá pọ̀, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 àkókò ló lè wúlò mọ. Nígbà tí wọ́n wá pín àkókò sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ó tó ìdá 37. Wi-Fi fi gbígbọ́ ṣáájú sísọ kún un, ìyẹn sì dára nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ní ìta, ilé méjì tó kọjú sí ibùdó yín láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè gbọ́ ara wọn, nítorí náà wọ́n á máa kọlura bí ti Hawaii. Rédíò tí ibùdó ti ń pín àkókò fún ilé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rà, orúkọ yòówù kó máa jẹ́. Kí àwọn sẹ́kítọ̀ tó wà lórí òpó kan náà máa fi GPS mú àkókò kan náà, kí ọ̀kan má baà máa pariwo nígbà tí èkejì ń tẹ́tí. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò lórílẹ̀-èdè yín irú ìgbì tí ẹ lè lò àti agbára tí wọ́n gbà láàyè. Lára 5 GHz, àwọn ibi kan wà tí rédíò gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan gbáko bóyá rédà wà níbẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀, kó sì kúrò bó bá gbọ́ ọ.

Ẹnì kan yóò béèrè bóyá ìgbì yìí kò ní ṣe wọ́n ní àìsàn. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ fi ìṣirò hàn án. Ìwọ̀n tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò èèyàn lọ́wọ́ ìgbì, fi lélẹ̀ fún aráàlú lórí irú ìgbì yìí jẹ́ wáàtì 10 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ibùdó tó ń tú wáàtì 4 jáde, áńtẹ́nà rẹ̀ ti wà nínú ìṣirò, ní mítà 1 síwájú rẹ̀ gan-an jẹ́ 0.32. Ní mítà 5, ó ti di nǹkan bíi 0.013. Mo máa ń tẹ ìṣirò yìí sórí ìwé kan, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn òrùlé. Àwọn èèyàn ń kà á.

Bí ẹ bá ti gun àwọn òrùlé náà, ẹ kọ gíga wọn àti bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà síra, pẹ̀lú ibi tí igi wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbí. Èmi á bá yín ṣírò bí ẹ ṣe máa tẹ áńtẹ́nà kọ̀ọ̀kan.