Ẹ Bi Wá Léèrè: Galaxy A Yìí, Èwo Ni Ká Rà Nínú Wọn?

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ Samsung Galaxy A lójú ewé yìí ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró, àwọn kan fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹnìkan tiẹ̀ dá mi dúró ní Ọjà Ọba l'Adó níbi tí mo ti ń ná iṣu, ó ní kí n bá òun wo fóònù òun. Mo ti mú díẹ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi ká tó bẹ̀rẹ̀: owó ò sí nílẹ̀, fóònù tẹ́ẹ bá rà lónìí ẹ máa lò ó pẹ́ ni, torí náà iye ọdún tí wọ́n á fi máa fún un ní ápúdéètì (àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù) jẹ mí lógún ju iye ojú kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àjọ tí mo dá ti fẹ́ kàn mí, fóònù ni mo sì fẹ́ fi rà. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù wọ́n ka A16, A26, A35, A36, A55, A56 sí mi létí, orí mi dàrú. Èwo ló ga ju èwo lọ? – Tísà, Ìjerò-Èkìtì*

Tísà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Orúkọ yẹn ò le tó bó ṣe ń dún. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ ipò fóònù, ìkejì ló ń sọ ọdún ẹ̀. A54 jáde ní 2023, A55 ní 2024, A56 ní 2025, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìkan kàn ń tẹ̀lé ìkan ni. A36 náà jáde ní 2025, àmọ́ ipò ẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti A55 tó ti wà nílẹ̀ lọ́dún kan ṣáájú ẹ̀, ibẹ̀ gan-an làwọn ọlọ́jà ti ń mú èèyàn, wọ́n á ní "èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o", òótọ́ ni, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n A55 ń sáré jù ú lọ, irin ló sì yí A55 ká nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà ló yí A36 ká.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì tà á fún yín o, 5000mAh ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọpọlọ inú wọn, ìyẹn chip. Helio G99 ló wà nínú A16 4G, Exynos 1380 nínú A26 àti A35 (ẹ rí i pé ọpọlọ kan náà làwọn méjèèjì ń lò), Snapdragon 6 Gen 3 nínú A36, Exynos 1480 nínú A55, 1580 nínú A56. Ojú síkíríìnì gbogbo wọn ló mọ́ kedere, Super AMOLED ni, A16 nìkan ló ń ṣe 90Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), àwọn yòókù ń ṣe 120Hz, ìyẹn ni pé tẹ́ẹ bá ń fi ìka fà á sókè sódò á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa nìyí. Samsung ṣèlérí Android (ètò tó ń darí fóònù) tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti ápúdéètì ààbò ọdún 5 fún A35 àti A55, látìgbà tí wọ́n sì ti jáde ní 2024 ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ẹ sanwó, á tán ní 2029. A26, A36 àti A56 gba ọdún 6, wọ́n á dé 2031. A16 tó kéré jù yẹn náà gba ọdún 6. Àwọn kan á ní kí ni ápúdéètì fẹ́ ṣe fáwọn. Ápúdéètì ni wọ́n fi ń dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, áàpù báńkì yín sì wà lórí fóònù yẹn, tó bá sì ti pẹ́ jù áàpù báńkì fúnra ẹ̀ á ní Android yín ti gbó, òun ò ní ṣí.

Tó bá jẹ́ èmi ni, A26 ni màá rà. Ó ṣì ní ojú ihò mẹ́mọ́rì káàdì, A36 àti A56 ò ní in mọ́, tísà tó ní fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti fọ́tò ìwé iṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ máa nílò ẹ̀. Bí àjọ yẹn bá pọ̀ dáadáa, ẹ mú A56, kẹ́ ẹ mú èyí tó jẹ́ 256GB.

*Bọ̀ọ̀dá mi, A35 ni mò ń lò, kámẹ́rà ẹ̀ jẹ́ 50MP. Ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ̀lì ra Redmi Note 13, 108MP ni tiẹ̀, ó tún ní RAM òun di 16GB, kò jẹ́ n sinmi. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìwòròkò-Èkìtì*

Àbúrò, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. 108MP yẹn, mílíọ̀nù 108 ẹ̀kán àwòrán kéékèèké (píksẹ́lì) ni, fóònù ọ̀rẹ́ ẹ sì máa ń kó mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án nínú wọn pọ̀ di ẹyọ kan ni, fọ́tò tó máa jáde á jẹ́ 12MP. Tìẹ ń kó mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, 12MP àtààbọ̀ ló ń jáde. Bí ẹni méjì tó ń wọn gaàrí ni, ìkan ń fi ife kékeré bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ìkejì ń fi ife tó tóbi díẹ̀ bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kọ́ńgò kan náà ló máa kún. Ohun tó yẹ kó o máa yọ̀ lé lórí ni OIS tó wà nínú A35 ẹ, dígí inú kámẹ́rà yẹn ń rọra sún láti bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n dọ́gba, ìdí nìyẹn tí fọ́tò alẹ́ ò fi ní ṣú bàìbàì tó o bá di fóònù mú dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi ń yà á. Dán an wò níbi òde alẹ́, ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ, ẹ dúró síbì kan náà.

RAM 16GB ńkọ́, ìyẹn àyè tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́? 8GB ni ojúlówó, 8GB yòókù, àyè tó fi ń tọ́jú fọ́tò àti fídíò ni wọ́n yá. Àyè yẹn lọ́ra gan-an sí RAM gidi. Tìẹ náà ní irú ẹ̀, RAM Plus ni Samsung ń pè é, kò sóhun tó ń kó sínú apẹ.

Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ fún ẹ, ó jù ẹ́ lọ níbì kan: ṣájà 33W wà nínú páálí tiẹ̀, tìẹ ò lọ ju 25W lọ, wọn ò sì fi ṣájà síbẹ̀ rárá. Nǹkan tí mo bá Samsung jà sí jù nìyẹn, torí Infinix Note 40 ń gba 45W, Tecno Camon 30 ń gba 70W, àwọn fóònù tí owó wọn ò ju tìẹ lọ ni mò ń sọ yìí.

*Ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Iyán ni mò ń tà n'Íkẹ́rẹ́. Fóònù méjì ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìkan já sómi ìṣanwọ́, ooru ìkòkò ló pa ìkejì. Tìráńsífà làwọn oníbàárà ń ṣe, mo gbọ́dọ̀ rí àláàtì kí n tó gbé iyán fún wọn. Wọ́n ní Samsung kan wà tómi ò lè pa. – Ìyá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Màmá mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru iná, á tà o. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe mọ fún yín. A26, A35, A36, A55 àti A56 ní ohun tí wọ́n ń pè ní IP67. Mẹ́fà yẹn ni pé eruku ò lè wọ inú ẹ̀, méje yẹn ni pé tó bá já sínú omi tí ò jìn ju mítà 1 lọ, tí kò sì ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kò yẹ kó kú. IP54 ni A16 ní, ìyẹn kò ju kómi ta sí i lára lọ, ẹ má fi í sítòsí abọ́ omi.

Omi lásán ni wọ́n sì fi dán IP67 yẹn wò o Màmá. Omi ìṣanwọ́ tiyín, ọṣẹ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, iyọ̀ àti ata ọbẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Tó bá já sínú ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kíá, kí wọ́n rọra da omi tó mọ́ sí i lára kó ṣan ọṣẹ kúrò, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí wọ́n wá gbé e dúró, kí ojú ihò ṣájà máa wolẹ̀. Ẹ má kì í bọnú ìrẹsì, ẹ má yá a níná. Ẹ fi sílẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, tó bá sì fi àmì ẹ̀kán omi hàn yín, ẹ yọ ṣájà, kò tíì gbẹ nìyẹn. Ìkan tún wà: ọjọ́ tí ẹnjiníà bá fi lè tú u láti pààrọ̀ síkíríìnì, ẹ kà á sí pé omi ti lè wọ ọ́ látọjọ́ náà lọ, torí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ láti ilé iṣẹ́ ti já.

Ooru ni kò sí ààbò fún nínú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kó máa wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbowó níwájú, kó jìnnà sí ẹ̀bá iná. A26 ni kẹ́ ẹ rà, kí ọmọ-ọmọ yín wọ Settings kó tan Easy mode fún yín, lẹ́tà á tóbi, nọ́ńbà owó á yọ sí yín láìjẹ́ pé ẹ wá awò ojú.

*Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀fọ̀n ni mo wà, òkè ló yí wa ká, 4G gan-an ń ṣe ségesège. Ṣé kí n fowó kún un kí n ra A16 5G àbí kí n mú 4G? – Télọ̀, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè*

Má fowó kún un. 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní September 2022, orí 3.5GHz ló wà, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í rìn jìnnà, ògiri ń dí i lọ́nà, ká má tíì wá sọ òkè Ẹ̀fọ̀n. Tí òpó 5G ò bá sí nítòsí ẹ, 4G náà ni A16 5G yẹn máa padà máa lò. Ohun tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni sìímù tí òpó ẹ̀ wà ní apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù ẹ kọjú sí. Yá sìímù méjì mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kì wọ́n bọ fóònù kan náà níkọ̀ọ̀kan, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ, kó o wo èyí tó ń ṣí fídíò. Èyí tó bá yege, òun ni kó o máa ra dátà sí.

Bó o ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyí, torí orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sí wọn: wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì lára páálí àti nínú About phone (inú Settings). SM-A165 ni 4G, SM-A166 ni 5G. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó 5G lọ́wọ́ ẹ, kí 166 wà níbẹ̀.

*Ẹ jọ̀ọ́, A26 mi ń pẹ́ kó tó kún, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ la sì fi ń ṣájì. – Báábà, Òmùò-Èkìtì*

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣájà tẹ́ẹ rà ló fa á. Kì í ṣe gbogbo ṣájà tí wọ́n kọ 25W sí lára ló ń gbé e dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní PD àti PPS (ìlànà ìṣájì kíákíá méjì, ẹ wò ó lára ṣájà), kí okùn ẹ̀ sì jẹ́ Type-C lápá méjèèjì. Ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ wo ojú síkíríìnì, tí kò bá kọ "Super fast charging" síbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

*Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra A54 tokunbọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò? – Adó-Èkìtì*

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí débi egungun. Mo ra A54 kan fún àbúrò mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó mọ́ tónítóní, ọ̀sẹ̀ kẹta ló jí tó bá ọ̀rọ̀ kan tó bo gbogbo ojú síkíríìnì, pé ẹni tó kọ́kọ́ ra fóònù yẹn lókè òkun ò tíì san gbèsè ẹ̀ tán, kò lè pè, kò lè tẹ nǹkankan. Ẹni tó tà á fún wa ní wọn kì í dá ọjà tokunbọ̀ padà. Owó tí àbúrò mi fi oṣù mẹ́jọ kó jọ nìyẹn.

Torí náà, má sanwó nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù, sọ pé kẹ́ ẹ jọ jáde síta. Tẹ *#06#, kó o fi IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó bá jáde wé èyí tó wà nínú About phone àti lára páálí. Ní kí ó nu gbogbo ẹ̀ dànù, ìyẹn reset, níṣojú ẹ, kó o fi hotspot tìẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: tó bá ń bèèrè Gmail ẹlòmíì tàbí tó bá dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan pé òun ló ń darí fóònù náà, fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà tẹ *#0*#. Àwọn bọ́tìnì á jáde. Tẹ Red, gbogbo ojú ẹ̀ á pọ́n, tẹ Green, tẹ Blue, máa wá ilà tàbí àpá dúdú. Wá tẹ Touch, àwọn àpótí kéékèèké á yí síkíríìnì ká, fi ìka ẹ fà á gba orí gbogbo wọn, wọ́n á máa di àwọ̀ ewé níkọ̀ọ̀kan bó o ṣe ń kọjá. Èyí tí kò bá yí padà, síkíríìnì ti kú níbẹ̀ nìyẹn. Tẹ Speaker kó o gbọ́ ọ, tẹ Vibration, ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, ki sìímù ẹ bọ̀ ọ́ kó o pe ẹnìkan.

Wo ọdún náà pẹ̀lú: 2023 ni A54 jáde, 2028 ni ààbò ẹ̀ máa tán. Ná an bí fóònù tó ti lo nínú ọjọ́ ayé ẹ̀.