Báwo ni wọ́n ṣe tún ṣọ́ọ̀ṣì Moreton tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ṣe?

Ọdún 1776 ni wọ́n kọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas sí abúlé Moreton, ní Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìsìnkú T. E. Lawrence, sójà àti òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Lawrence of Arabia, lọ́dún 1935. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1940, bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì kan jù wó ògiri rẹ̀ ìhà àríwá, ó sì fọ́ gíláàsì fèrèsé rẹ̀ túútúú. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tún un yà sí mímọ́ lọ́dún 1950. Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni àwọn fèrèsé tuntun náà, nítorí pé dípò gíláàsì aláwọ̀, Laurence Whistler fín àwòrán sára gíláàsì tó mọ́ gaara fún fèrèsé 12, láti 1955 títí di 1984, tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ sì ń wọlé fàlàlà. Wọn kò kọ́kọ́ gba ìkẹtàlá, tó ṣàfihàn ikú Júdásì. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé e síbẹ̀, láti òde nìkan ni a sì ti ń rí i.