Tí iná bá lọ ní Àjàṣẹ́, ṣé ìkànnì ilé ìtajà wa á kú?

Rárá, kò ní kú, nítorí orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde) tó wà nílé dátà, ìyẹn ilé tí wọ́n kó irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jọ sí, ni ìkànnì yín wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yín. Bátìrì ibẹ̀ máa ń gbé e dúró lójú ẹsẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á. Òṣùwọ̀n pé sáfà á máa ṣiṣẹ́ ní 99.982% àkókò, tí wọ́n ń pè mọ́ Tier III (ìpele kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé dátà), kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 ìdákú lọ lọ́dún.

Àìní ẹ̀dà fáìlì ìkànnì yín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, ilé dátà kan ti OVH, iléeṣẹ́ tó ń gba ìkànnì àwọn ènìyàn sórí sáfà rẹ̀, jóná ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn pàdánù fáìlì wọn pátápátá. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín síbòmíràn, ì báà ṣe sórí dáráìfù kan (ohun èlò tí a ń kó fáìlì sí) nílé ẹbí ní Kétu.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ́fíìsì yín gan-an ni sáfà náà wà, iná tó lọ á mú un lọ.