Ẹ má ka ilà inú àwòrán etching, ẹ wo ibi tí ilà ń lọ

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi gègé àti tàdáwà ya igi, odò àti pápá. Ẹnìkan tó ń ta ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n máa da àwòrán etching àtijọ́ (èyí tí wọ́n fi bàbà tẹ̀ sórí ìwé) kọ, kí n ka gbogbo ilà, kí n má fo ọ̀kan. Àwòrán mi ń ṣókùnkùn biribiri, ìwé sì ń fàya. Gègé wo ni kí n rà tí ilà mi á fi rí bíi ti Rembrandt, ayàwòrán ayé àtijọ́ ará Netherlands yẹn?

Ìdáhùn: Kò sí gègé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó yín sápò. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ yẹn ló sì ń bí mi nínú, kì í ṣe ẹ̀yin.

Rembrandt ò fi gègé fa ilà tí ẹ̀ ń wò yẹn rárá. Etching ni, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa àwòrán sára ìda títí bàbà á fi yọjú, wọ́n á wá tì í bọ ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ṣí nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Wọ́n á fọ ìda kúrò, wọ́n á fi tàdáwà kun bàbà, wọ́n á nù ún kí tàdáwà kù sínú kòtò ilà nìkan, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí wọ́n rin lómi. (Ẹ má dán ásíìdì wò nílé o. Tó bá ṣe yín ní jàǹbá, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.)

Ilà tí ásíìdì jẹ pẹ́ á jìn, á gba tàdáwà, á dúdú. Èyí tí wọ́n tètè bò kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́ mọ́ á tín-ín-rín, òun ni wọ́n ń lò fún òkè tó jìnnà. Agbára ọwọ́ kọ́ ló ṣe é. Ẹ̀yin wá ń tẹ gègé mọ́lẹ̀, báwo ni ìwé ò ṣe ní fàya? Abẹ́rẹ́ ń yọ̀ lórí ìda síbi gbogbo. Ní ti gègé onírin, bí ẹ bá tì í síwájú, ẹnu rẹ̀ á há sínú ìwé, á tu tàdáwà dànù. Ẹ máa fà á sọ́dọ̀ ara yín. Bí ilà bá gba ọ̀nà míì, ìwé ni kí ẹ yí. Bí wọ́n ṣe tẹ àwòrán etching láti ara bàbà sórí ìwé, ó ti yí sódì bíi nínú dígí, torí náà ilà tó ń ni ọwọ́ yín lára lè jẹ́ èyí tó rọ ayàwòrán lọ́rùn jù. Ẹ yí i padà lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé àwòrán Igi Mẹ́ta tí Rembrandt ṣe lọ́dún 1643 yẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 sí 28 lọ, ẹ̀yin fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ẹ wá ń ka ilà. Ẹ wo igbó tó dúdú nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: ọkùnrin kan àti obìnrin kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ìwé funfun tó ṣẹ́ kù láàárín ilà ló jẹ́ ká rí wọn. Ẹni tó ń ka ilà á dí i pa. Ilà pápá ń sùn sílẹ̀, ti ewé ń ká, ti òjò lápá òsì lókè dúró gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Ibi tí ilà yí sí àti ibi tó dá dúró ni kí ẹ dà kọ.

Ẹ mú ibi kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù pín in sí funfun, àárín àti dúdú. Ẹ fa ìpele ilà kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi òmíràn dábùú rẹ̀ níbi tó yẹ kó dúdú nìkan. Kí tàdáwà India (tàdáwà dúdú tó máa ń le bó bá gbẹ) má wọ inú gègé tó ń pọn tàdáwà sínú, á dí i.

Rembrandt kú lọ́dún 1669, kò sẹ́ni tó máa mú yín pé ẹ da iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe lọ́yà: ẹ ka òfin ibi tí ẹ ti mú fọ́tò rẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ kọ ọ́ sí i pé àdàkọ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù, ẹ jáde lọ ya igi gidi kan. Èyí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti rí àdàkọ tó.