Ẹ Bi Akọ̀wé Kòkó: Ta Ló Ń Dá Owó Lé Ọjà Wa?

*Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé ní Òṣogbo níbí. Mo máa ń ra kòkó gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lápá Ìbòkun àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, màá sì tún un tà fún agẹ́ǹtì. Lọ́dún 2024, owó rẹ̀ dùn débi pé mo yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra ọjà sílẹ̀. Àpò mọ́kànlélógún ṣì wà ní yàrá mi. Iye tí agẹ́ǹtì ń pè báyìí kò tó iye tí mo fi rà á. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù ló já a wálẹ̀. Ta ni Lọ́ńdọ̀nù? Ṣé wọ́n ní oko kòkó níbẹ̀ ni? Ṣé kí n tà á, àbí kí n dúró? Èmi Ìyá Kòkó.*

Ìyá Kòkó, ẹ kú ìfaradà. "Ta ni Lọ́ńdọ̀nù" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni.

Kò sí oko kòkó ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó so. Ọjà kan ló wà níbẹ̀, òmíràn wà ní New York, tí wọ́n ti ń ta kòkó tí wọn kò tíì ká lórí igi. Ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì á fọwọ́ síwèé lónìí pé tó bá di oṣù báyìí, òun á gba tọ́ọ̀nù báyìí ní iye báyìí. Àwọn tí kò fojú kan kòkó rí náà wà lọ́jà yẹn, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, èrè ni wọ́n bá wá. Iye tí wọ́n bá parí sí lọ́jọ́ náà ni ẹni tó ń kó kòkó gba Àpápá lọ sókè òkun ń rí lórí fóònù rẹ̀, kó tó pe agẹ́ǹtì ní Òṣogbo. Agẹ́ǹtì á yọ owó mọ́tò, á yọ owó àpò, á yọ ti kòkó tó tutù, á yọ èrè tirẹ̀. Ìyókù ló ń pè fún yín.

Bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba, ìyá oníṣu ló ń pe owó iṣu rẹ̀, èmi ni mò ń ná an. Tí mo bá ná an ní ìnákúnàá, á ní kí n máa lọ ire. Nídìí kòkó, ẹni tó fẹ́ rà ló ń pe owó. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣu tí kò tà, ìyá oníṣu á fi gúnyán. Àpò kòkó mọ́kànlélógún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe nílé? Kì í ṣe àwa nìkan ló ń bá o. Gánà àti Côte d'Ivoire (ibi tí àwọn ará Èjìgbò sọ di ilé kejì) ló ń mú ju ìdajì kòkó ayé jáde. Lọ́dún 2019 àwọn méjèèjì pa ẹnu pọ̀ pé kí ẹni tó bá rà lọ́wọ́ àwọn máa fi 400 dọ́là kún owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan fún àgbẹ̀. Àwọn oníbàárà fi ọwọ́ kan san án, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì dín ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi sórí kòkó tó dára kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, nítorí ìṣirò ni wọ́n fi bọ́ mi láyé. Bí àpò mẹ́rìndínlógún ló ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan. Lọ́dún 2022, tọ́ọ̀nù wà ní nǹkan bí 2,500 dọ́là, dọ́là kan sì wà ní nǹkan bí 450 náírà ní báńkì. Àpò kan á mú bí 70,000 náírà, kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀. Ìjọba wá tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tó fi máa di 2024 dọ́là ti kọjá 1,500. Láàárín àkókò yìí kan náà, òjò tí kò ṣe déédé àti àrùn tó ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú bá oko Gánà àti Côte d'Ivoire jà. Ní oṣù kẹrin 2024, tọ́ọ̀nù kọjá 10,000 dọ́là. Ní oṣù kejìlá ó kọjá 12,000. Ẹ fi 10,000 yẹn lọ́nà 1,500, kí ẹ pín in sí àpò mẹ́rìndínlógún: 937,500 náírà. Ọwọ́ méjì, iye kòkó àti iye dọ́là, ló gbé e lọ sókè, àwa sì rò pé kòkó nìkan ló wọ́n.

Ọwọ́ méjèèjì náà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Òjò ṣe déédé díẹ̀, àwọn oníṣokoléètì dín kòkó tí wọ́n ń lò kù, bí ọdún 2025 ṣe ń parí tọ́ọ̀nù ti wá sí nǹkan bí 6,000. Náírà náà le díẹ̀, ó wà ní nǹkan bí 1,450. Àpò di bí 543,000. Tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé náírà ń le, tí gbogbo ilé ń yọ̀, ẹ̀yin tí kòkó wà ní yàrá yín, ẹ má tíì jó.

Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí wọ́n fagi lé bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó lọ́dún 1986, gbogbo èèyàn di oníkòkó: télọ̀, tíṣà, ẹni tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì. Wọ́n ń fi kòkó wá dọ́là ni, iye tí wọ́n ń rà á nílé ń ju iye tó ń tà lókè òkun lọ. Èmi tí mo ti fi ọ̀bẹ la ọmọ kòkó wò fún ọdún mẹ́tàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé réluwéè, mo ra àpò mẹ́tàlélógójì ní 1988. Ẹni tó ní òun máa gbà á ní Èkó kò gbé fóònù mọ́. Òjò dé, ó bu. Ìyàwó mi ta kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san gbèsè, títí di òní, tí a bá ń jà, kẹ̀kẹ́ yẹn la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí bọ́ọ̀dù padà. Òótọ́ ni pé nígbà bọ́ọ̀dù, iye tí wọ́n bá kéde níbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó kì í yẹ̀, àgbẹ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, bọ́ọ̀dù ló ń tọ́jú àlékún rẹ̀, kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹ wo Cocoa House n'Íbàdàn tí wọ́n parí ní 1965, òógùn àwọn àgbẹ̀ ni. Gánà ṣì ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ní 2024 yìí kan náà, òru ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbé kòkó sọdá ẹnubodè, nítorí iye ti bọ́ọ̀dù kéré.

Kí ẹ tà á tàbí kí ẹ dúró? Ìyá mi, ẹ tà á. Ẹ kọ́kọ́ kó o síta kí oòrùn tún un pa, ẹ la díẹ̀ wò bóyá ó ti ń bu nínú. Ẹ gbé àwòṣe lọ bá agẹ́ǹtì mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n ní tààrà pé èló ni wọ́n fi dọ́là ṣírò. Èyí tó bá ń yí ojú kiri, ẹ kúrò níbẹ̀. Owó tó bá wọlé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún, torí èlé wọn kò mọ̀ pé kòkó já wálẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, tí agẹ́ǹtì kò bá tíì fi àsansílẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi owó ẹlòmíràn ra ọjà jọ.

*Akọ̀wé, aláró ni mí. Bí epo rọ̀bì bá wọ́n, wọ́n ní Nàìjíríà ń rí owó. Kí ló dé tí téru, aṣọ funfun tí mo ń rẹ láró, náà fi ń wọ́n sí i? Èmi Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.*

Ìjọba ló ń ta rọ̀bì, ẹ̀yin lẹ̀ ń ra téru. Ọ̀pọ̀ nínú téru yín, Ṣáínà ló ti ń bọ̀. Bí rọ̀bì bá wọ́n, epo tó ń gbé ọkọ̀ òkun àti tírélà á wọ́n tẹ̀lé e. Lọ́dún 2015 báńkì àgbà tilẹ̀ fi aṣọ sínú ọjà 41 tí kò ní fún ní dọ́là, oṣù kẹwàá 2023 ló tó gbé e kúrò. Kọ́sítíìkì tí ẹ ń dà sínú ìkòkò aró náà, dọ́là ni. Ìyá bàbá mi, omi eérú ló fi ń rẹ ẹlú tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń já ewé rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní iye dọ́là rí.