Kò Sí Eku Nínú Orúnkún Mọ́mì Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Hamburg ni Mọ́mì mi ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wá bá mi ní Peckham níbí. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú gan-an, wọ́n ti ya MRI rẹ̀ ní Jámánì, rìpọ́ọ̀tù sì wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, dókítà wa níbí sì ní ká mú ti Gẹ̀ẹ́sì wá. Mo wá ní kí fóònù bá mi túmọ̀ ẹ̀, ló bá ní "cartilage bald head", ó tún ní "joint mouse". Ṣé eku ló wọnú orúnkún Mọ́mì mi ni? Mi ò rí oorun sùn o.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, àbúrò mi, kò sí eku kankan níbẹ̀.

Àwọn ará Jámánì máa ń mú ọ̀rọ̀ táyé ń sọ nílé, wọ́n á so ó mọ́ra wọn, ó di orúkọ àìsàn. Knorpel ni eegun rírọ̀ yẹn, èyí tá à ń pè ní bisikíìtì bóònù tá a bá rí i nínú ọbẹ̀. Glatze ni orí pípá. Tí wọ́n bá wá kọ Knorpelglatze, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé eegun rírọ̀ tó bo orí eegun ti jẹ tán pátá níbì kan, eegun gan-an ló wà níta, bí irun ṣe máa ń kúrò lórí. Ẹ má kọ orí pípá fún dókítà o, "full-thickness cartilage loss with exposed bone" ni kẹ́ ẹ kọ. Gelenkmaus ní tiẹ̀, Gelenk ni oríkèé, Maus ni eku, àmọ́ ègé eegun tàbí eegun rírọ̀ kékeré tó já ni, tó ń rìn kiri nínú oríkèé, òní ó wà níbí, ọ̀la ó ti bọ́ sọ́hùn-ún. Àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan náà máa ń dárúkọ eku yẹn lẹ́nu, àmọ́ "loose body" ni wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni Arthrose. Àwọn èèyàn á kàn kọ "arthritis", wọ́n á kọjá lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, Arthritis ni oríkèé tó wú tó ń gbóná, Arthrose ni eegun rírọ̀ tó ń jẹ. "Osteoarthritis" ni Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, tó bá sì jẹ́ Gonarthrose, ti orúnkún nìyẹn, Coxarthrose ni ti ìbàdí.

Ẹ ṣọ́ra fún V.a. náà, Verdacht auf ni wọ́n gé kúrú, ìyẹn ni pé wọ́n ń fura ni, wọn ò tíì rí i dájú, "suspected" lẹ máa kọ. Ẹnì kan fo lẹ́tà méjì yìí nígbà tó ń túmọ̀ rìpọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi kan, ohun tí wọ́n kàn ń fura sí wá di àìsàn gidi lórí ìwé, ọjọ́ méjì la fi sunkún nílé. Tẹ́ ẹ bá sì rí o.B., ẹ dúpẹ́, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ nìyẹn.

Innenmeniskushinterhorn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìyẹn o! Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti tú u wá síwájú: ìwo ẹ̀yìn, ti meniscus (eegun rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù láàárín eegun orúnkún), ti apá inú. "Posterior horn of the medial meniscus". Femoropatellar náà, ìyẹn ibi tí eegun itan ti pàdé ọmọrí orúnkún, "patellofemoral" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, wọ́n yí i po.

Tí Grad bá wà níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí eegun rírọ̀ ṣe bàjẹ́ tó, ẹ wo orúkọ ìlànà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n tó tẹ̀ lé e. Outerbridge, tó ti wà láti 1961, bí ibi tó bàjẹ́ ṣe fẹ̀ tó ló fi pín Grad 2 àti 3, àmọ́ ICRS, ìlànà mìíràn, ń wo bó ṣe jìn tó, nítorí náà nọ́ńbà kan náà lè má jẹ́ nǹkan kan náà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e, tòun torúkọ.

Links ni òsì, rechts ni ọ̀tún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Beurteilung sí, ìyẹn àkópọ̀ ohun tí wọ́n rí, ni dókítà máa kọ́kọ́ wò, torí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ojúlówó ti Jámánì mọ́ ọn. Ẹ bá mi kí Mọ́mì.